Ìlà Pupa, Ìlà Búlúù

Mò ń wẹ̀ fún ọmọbìnrin mi nígbà tí ọkọ mi wọlé lọ́sàn-án gangan, tó ní lẹ́tà ẹ̀gbọ́n òun dé láti Sàpẹ́lẹ̀. Ọṣẹ kó sí ọmọ lójú, ó ń ké. Ẹ̀gbọ́n ní ká ta ṣọ́ọ̀bù wa ní Nombakélé, ní Gàbọ́ọ̀nù níbí, ká padà sílé, ká jọ dá ilé iṣẹ́ ìlagi sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà òmìnira, gẹdú Nàìjíríà ló ń pa owó lọ́dọ̀ òyìnbó, ti Gàbọ́ọ̀nù ti ń rẹ̀yìn. Ó gé ojú ewé ìwé ìròyìn Èkó kan tí wọ́n kọ iye tí igi Nàìjíríà ń pa sí, ó fi í sínú lẹ́tà náà, kó lè dá wa lójú.

“Ìwọ lo kàwé nínú wa,” ọkọ mi wí. “Bá mi wò ó. Ti ibí ni, àbí ti ọ̀hún?”

Mi ò fẹ́ lọ. Ilé ìyá ọkọ mi la máa gbé, mo sì ti fẹ́ràn yàrá méjì tí mò ń dá pàṣẹ nínú ẹ̀.

Aládùúgbò wa kan, ará Àjàṣẹ́ ti àwọn elédè Faransé, ń ṣe akọ̀wé ní èbúté. Ó yá mi ìwé tí wọ́n kọ iye tí igi Gàbọ́ọ̀nù ń pa lọ́dọọdún sí. Mo sọ pọ́n-ùn Nàìjíríà di séfà, owó ibí, mo fa ìlà méjì sínú ìwé: pupa fún Gàbọ́ọ̀nù, búlúù fún Nàìjíríà, láti ayé òyìnbó títí di èṣí. Pupa ń gòkè. Búlúù gòkè díẹ̀, ó wálẹ̀, ó tún gòkè, kò bá a.

“Ó parí,” ọkọ mi wí. Ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé a ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dá ìwé akọ̀wé padà, mo mú ìlà mi àti ìwé ìròyìn náà dání láti fi hàn án. Ó wo ìlà mi títí.

“Aya wa, pákó ìlú yín dà?”

“Pákó wo, bùrọ̀dá?”

“Tibí, àti ìtì igi àti pákó ni wọ́n kà pọ̀. Ìtì igi nìkan lo kọ fún tiyín. Yí ìwé ìròyìn yẹn padà.”

Mo yí i. Pákó wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ ìpolówó kẹ̀kẹ́.

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. “O gbé odidi èèyàn ko ààbọ̀ èèyàn níbi ìjàkadì, o wá ní ààbọ̀ ló ṣubú!”

Mo padà sílé, mo tún un fà. Búlúù gòkè, ó sún mọ́ pupa, ó tiẹ̀ kọjá rẹ̀ lọ́dún méjì. Lẹ́tà ọkọ mi wà lórí tábìlì, kò tíì lẹ̀ ẹ́. Mo lè dákẹ́. Mo se oúnjẹ, mo gbálẹ̀, mo tún gbá a.

Nígbà tó dé, mo gbé ìwé náà fún un. “Mo ṣì í kà, mi ò ka pákó mọ́ tiwa. Ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́.”

“Ìwọ tó ò fẹ́ lọ?”

“Mi ò tíì fẹ́ lọ báyìí náà. Àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Obìnrin yìí, o ò mọ èrú ṣe rárá.” Ó fa lẹ́tà ya. Ó ní òun nìkan á kọ́kọ́ lọ wò ó, kí n máa tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ fi Faransé bi mí pé bàbá dà.

“Ó lọ wo igi,” mo sọ fún un. “Tó bá dára, a máa lọ bá a. Èmi ni mo sọ fún un pé ó lè dára. Tó o bá dàgbà, tọ́rọ̀ ọ̀hún bá ń bí ẹ nínú, èmi ni kó o bínú sí, má bínú sí i.”