Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Kì Í Kùn

Bí mo bá rí ọkọ̀ ìjàpá lónìí, etí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń kun ọkọ̀ l'Ágége, ló kó àṣà náà ràn mí. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n kùn tí wọn kì í fi ibi tó tó àtàǹpàkò sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀dà tó bá a dé láti ilé-iṣẹ́ lè hàn. Wọ́n á ní, "Àtúnṣe ò bu ọkọ̀ kù. Ká ṣáà má purọ́."

Nígbà SÁÀPÙ, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ ọkọ̀ tuntun di àlá, sójà kan gbé ìjàpá búlúù wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kùn ún tán, sójà náà rí ibi ṣíṣá tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn.

"Pẹ́ńtà, bo ibẹ̀! Òyìnbó tó fẹ́ rà á ń wá èyí tí wọn ò kùn rí."

"Ọ̀gá, a ti kùn ún."

Sójà náà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa padà lọ́jọ́ kẹta, ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ká mọ́. Ìjàpá náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà mìíràn ládùúgbò, ìyẹn sì ti bo ibẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n lọ bá a.

Pẹ́ńtà náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ní ọmọ tí mò ń bọ́."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Bá mi fi èékánná ha á."

Mo ha á. Búlúù àtijọ́ yọ. Wọ́n wò ó pẹ́, kí wọ́n tó sọ fún pẹ́ńtà náà pé, "Tún un kùn kí àwọn sójà tó dé. Ọwọ́ tìrẹ ṣì dá ṣáṣá."