Ìdọ̀bálẹ̀ tó Bà Mí Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi Délé léèrè nípa ayé àwọn ológun, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ọdún kejì tí wọ́n fagi lé ìdìbò ni. Olùkọ́ ni èmi àti Délé ní Ìlobù, a ti daṣẹ́ sílẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́.

Láṣún ni ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Òṣogbo. Ọmọ Ìfọ́n ni, ṣùgbọ́n agbo ilé wa ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí mọ́tò rẹ̀, àwọn tó ń ta ayò á tú ká.

Délé ń sọ̀rọ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà tí Láṣún àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dé. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá Délé lórúnkún, wọ́n sọ ọ́ sínú mọ́tò. Ó wá kàn mí. Mo ti múra ẹ̀wọ̀n. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi.

"Ẹ kú oòrùn, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ máa lọ sílé."

"Láṣún, mú mi lọ."

"Háà, bọ̀ọ̀dá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn nílé ìyá mi?"

Ọmọ kì í rí àgbà ilé ìyá rẹ̀ kó má dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n, ta ló fẹ́ ro ti ilé ìyá? Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ní èmi ni mò ń ta àwọn fún Láṣún. Wọ́n gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi.

Délé padà dé láti àtìmọ́lé, ó ń tiro. Wọ́n fi orin pàdé rẹ̀, wọ́n fi í ṣe alága. Owú jẹ mí, kò sì tíì tán nínú mi. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó sọ lórí pápá, òun ni wọ́n ń pè ní akọni. Mo jowú oyè rẹ̀, mo jowú orúnkún rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Baba Bọ́lá, ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó ń jowú ẹni tó ń tiro." Òun lè fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọn kò pe òun ní olófòófó.

Nígbà tí olórí àwọn ológun kú, wọ́n lé Láṣún lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ ikú erin là á rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ: àwọn tó ń sá fún un tẹ́lẹ̀ ń sọ òkò sórí páànù ilé rẹ̀. Mo lọ bá a ní Ìfọ́n pé kó wá sọ fún ẹgbẹ́ pé n kò bá òun ṣe rí.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi báyìí? Wọ́n á ní mò ń bò yín ni."

Àwọn ológun lọ, a dìbò, wọ́n sì kà á. Èrè wa nìyẹn, n kò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Orúkọ mi ni wọn kò tíì dá padà.

Nígbà tí wọ́n sin Láṣún, mo sunkún, torí ẹ̀rí mi ni wọ́n ń gbé sínú ilẹ̀. Délé náà wá, àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó mọ bí a ṣe ń dárí jini. Ó rí omi ojú mi, ó sì mirí.

"A kúkú ti mọ̀ látijọ́," ló wí.