Agbọ́mọsẹ́nu, Ẹ̀dá Tí Mo Fi Ọwọ́ Dá

Òórùn sitáàṣì gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé aránṣọ mọ èyí tí mò ń wí: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rò lórí sítóòfù títí tó fi ki, tí òórùn kẹrosíìnì ti kó wọnú ẹ̀. Màámi ló ń rò ó, kì í sì í ṣe aṣọ oníbàárà kankan ló fẹ́ fi mú le. Etí ọ̀tún ẹ̀dá àràmàǹdà tí mo fi ìwé ìròyìn mọ ló já mọ́jú, ọjọ́ náà gan-an ni mo sì fẹ́ gbé e lọ sílé ìwé. Òjò ti rọ̀ ní Òkèrèwè, àdúgbò wa, ilẹ̀ àgbàlá tutù rinrin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo gbé ẹ̀dá náà lé itan bí ọmọ tuntun.

"Màámi, ṣé á gbẹ kí wọ́n tó lu agogo?"

"Á gbẹ. Bí kò bá sì gbẹ, ẹ jọ máa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé wáàsí ló fẹ́ fi etí yẹn gbọ́ ni?"

Bí Màámi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó o bá fẹ́ sunkún, á fi ẹ̀rín dí i mọ́ ọ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀. Kàtúùnù kan máa ń wọlé lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ nígbà náà, ó dá lórí erékùṣù kan tó kún fún oríṣiríṣi ẹ̀dá àràmàǹdà. Eré yẹn kó sí wa lórí débi pé àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò tó wa mọ́, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ni wọ́n ń yà á sí, àìmọye ẹgba ni wọ́n sì jẹ torí ẹ̀. Àwa ọmọ agboolé wá ṣòfin: ẹ̀dá tó o bá dá gbọ́dọ̀ ní idán kan tí ti ẹlòmíì ò ní, a sì gbọ́dọ̀ rí idán náà lára ẹ̀ kó tó lè wọ erékùṣù wa. Ti Débọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń yọ iná létí. Ti Múfù, ọmọ ilé kejì, ní ìrù tó ń di àkàbà.

Èmi ò ríran. Àìsàn kan ló gba ojú mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìwọ̀nba àwọ̀ tí mo sì rántí ò ju pupa ilẹ̀kùn ilé wa àti àwọ̀ ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ má ṣàánú mi o, nítorí mo gbádùn kàtúùnù yẹn ju gbogbo wọn lọ. Débọ̀ á jókòó sẹ́yìn mi lórí ẹní, á máa fi ìka ya ẹ̀dá tó bá ti yọjú sí mi lẹ́yìn. "Orí ẹ̀ rèé, ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Imú ẹ̀ rèé, imú lándìlọ́ọ̀dù gan-an ni. Ó ti ń bínú o, irun ọrùn ẹ̀ ti ń dìde." Á wá fi èékánná ha mí lọ́rùn títí màá fi ké. Bí ẹ̀dá bá ṣubú, Débọ̀ á gbá mi lẹ́yìn gbì. Nígbà míì, á parọ́, ẹ̀yìn mi ló sì máa ń tú u fó.

"Irọ́ lò ń pa, àná lo fún un ní ìyẹ́!"

"Ó ti já."

Ìjà dé nìyẹn.

Ní ti Màámi, kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín fífọwọ́kàn àti wíwò. Bá a bá dé ọjà, á gbé ọwọ́ mi lé gbogbo nǹkan: ẹja tútù, bàtà aláwọ, orí ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹni tó ń tajà bá ń kùn, Màámi á ní, "Ẹ jẹ́ kó wò ó jàre. Ṣé ó máa jẹ ẹ́ ni?" Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ dàgbà. Mo rò pé òfin ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n n ò ní ẹ̀dá kankan nínú erékùṣù. Mo fi amọ̀ mọ ọ̀kan, Múfù ní òkìtì ni. Mo fi ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún ṣinṣín mọ òmíràn, adìẹ jẹ ẹ́. Níjọ́ kan, Múfù ní, "Rẹ̀mí, ìwọ ò lè dá ẹ̀dá. Ìwọ ṣáà máa gbọ́ tiwa." Kò fi ìkà sọ ọ́, bó ṣe rí lójú ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn. Kí n máa gbọ́! Kí àwọn máa dá a, kí n máa gbọ́!

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé, tíṣà tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà, wá kéde pé a máa pàtẹ àwọn ẹ̀dá wa kí sáà tó parí, mo dìde gbọnrangandan. Ilé ìwé wa ní kíláàsì kan fún àwa tá à ń fi ọwọ́ kàwé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń ṣeré. Tíṣà ní ẹni tó bá fẹ́ kó yà á, ẹni tó bá fẹ́ kó mọ ọ́n. Obìnrin kan tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ló máa wá yan èyí tó dáa jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á sì wá yà á sára ògiri tó kọjú sí géètì. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ògiri yẹn, tèmi ni. Bí tèmi bá wà níbẹ̀, kò sí Múfù kankan tó máa tún sọ fún mi pé kí n máa gbọ́.

Ìwé ìròyìn tí mo fà ya, tí mo rẹ sínú sitáàṣì, ni mo fi ṣe é, lórí egungun wáyà tí Débọ̀ bá mi tẹ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ti sọ fún wa pé ẹja kan wà tó máa ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ sẹ́nu bí ewu bá dé, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ ẹ̀dá mi ní Agbọ́mọsẹ́nu. Mo fi àgékù àrán tí wọ́n kó wá sí ṣọ́ọ̀bù Màámi ní Ìlárè tẹ́ inú ẹnu ẹ̀. Bọ́tìnnì ni mo fi ṣe eyín, mo rán ahọ́n kan tó nípọn, mo ki òwú bọ̀ ọ́. Abẹ́ ahọ́n yẹn ni mo kó àwọn ọmọ sí: ọ̀kan pá lórí, ọ̀kan ní ìrù gígùn, ọ̀kan ká jọ, ó ń sùn. Débọ̀ fẹ́ kùn ún lọ́dà, mo ní kó fi sílẹ̀, ọ̀dà á dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó dùn ún fọwọ́ pa lára ẹ̀. Gbogbo ẹwà ẹ̀, inú ẹnu ni mo kó o sí. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé àwọn tó ríran kì í ti ọwọ́ bọ nǹkan lẹ́nu.

Etí ẹ̀dá náà gbẹ lóòótọ́. A dé gbọ̀ngàn ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé rọra gba Agbọ́mọsẹ́nu lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ló ta okùn yí gbogbo tábìlì ká, ó sì pariwo pé, "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan o! Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó!"

Hẹn-ẹn. Ojú.

Mo dúró sẹ́yìn okùn. Lápá òsì mi, wọ́n ń ké pé, "Ẹ wo ìwo! Ẹ wo ìyẹ́!" Ọwọ́ ń yún mi, mo fẹ́ mọ bí ìwo yẹn ṣe rí. Lápá ọ̀tún, níbi tí tèmi wà, ẹ̀rín ni mò ń gbọ́. Ẹnì kan ní, "Ta ló fi ìwé ìròyìn wé iṣu ewùrà?" Ọ̀kan lára àwọn ọmọ agboolé wa ní, "Ti Rẹ̀mí ni." Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dórí.

Obìnrin yunifásítì náà dé. Bàtà ẹ̀ ń dún kò-kò-kò, òórùn ọ̀dà àti páúdà ló ń jáde lára ẹ̀. Ó ń yin ọmọ kan, ó ń bi ọmọ kejì léèrè, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ tèmi.

"Èyí ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé rẹ ohùn sílẹ̀, àfi bíi pé etí mi náà ti di. "Ọmọ kan tí ò ríran ló ṣe é, mà. Ó gbìyànjú."

Ó gbìyànjú! Títí dòní, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yẹn yìn mí, n kì í dúpẹ́. Obìnrin náà ní, "Ó dáa, ó dáa," bàtà ẹ̀ sì yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba abẹ́ okùn kọjá, mo tọ ìró bàtà náà, mo gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò tíì wò ó."

"Mo ti wò ó, ọmọ mi."

"Rárá mà. Ojú lẹ fi wò ó."

"Rẹ̀mí! Fi wọ́n sílẹ̀!" Tíṣà ló ké bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màámi ló bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, sà. Ṣé wọ́n máa jẹ ẹ́ ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kò sì já ọwọ́ ẹ̀ gbà. Mo ní kó dijú. Mo fa ọwọ́ náà wọ ẹnu Agbọ́mọsẹ́nu.

"Ó mà múlọ́ o," ló wí jẹ́jẹ́. "Eyín rèé. Ahọ́n rèé, ó tóbi... Yéè! Nǹkan wà níbẹ̀!" Ó fa ọwọ́ yọ.

"Àwọn ọmọ ẹ̀ ni, mà. Ewu ti dé, ó ti kó wọn sẹ́nu."

Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀. "Èyí pá. Èyí ní ìrù." Ohùn ẹ̀ yí padà. "Èyí ń sùn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ewu dé."

"Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé, ẹ dákun, ẹ wá ti ọwọ́ yín bọ̀ ọ́."

Igbe tí tíṣà ké ju ti obìnrin náà lọ. Ló bá di pé gbogbo wọn ń ti ara wọn, kálukú fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, okùn sì já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta á padà. Mo rìn wọ àárín àwọn tábìlì, mo fọwọ́ wo ìwo, mo fọwọ́ wo ìyẹ́, mo fọwọ́ wo èèpẹ̀, rọ́bà àti igi. Ayọ̀ mi kún! Múfù fúnra ẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀dá tó fi amọ̀ mọ, ó gbé ọwọ́ mi lé ìrù alákàbà náà. Ó ní, "Rẹ̀mí, tìẹ ti wọ erékùṣù o."

Tèmi ni wọ́n yàn. Obìnrin náà ní irú èyí kò ṣeé fi ọ̀dà yà lásán. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kó wá, wọ́n mọ Agbọ́mọsẹ́nu sára ògiri náà, wọ́n sì dá ihò sí i lẹ́nu. Kí sáà kejì tó parí, ọwọ́ àwọn ọmọ ti mú kí ètè ẹ̀ máa dán. Màámi wá láti Ìlárè, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀dá náà, kò sọ̀rọ̀ kankan. Màámi tí kì í dákẹ́! Mo fọwọ́ kan ojú ẹ̀, omi ni mo bá níbẹ̀.

Lónìí, ní Mayfair, àdúgbò kan nílùú wa kan náà, ni mò ń gbé, ẹ̀dá dídá sì ni iṣẹ́ mi. Àwọn tó fẹ́ràn irú eré wọ̀nyẹn ń kọ bí ẹ̀dá tí wọ́n rò lọ́kàn ṣe rí ránṣẹ́ sí mi láti ìlú tí n ò dé rí, fóònù mi á kà á sókè, èmi á mọ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti dára ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà ti kó bá mi: mo ti kọ́ láti máa sọ pé "ẹ má bínú" kí ẹnikẹ́ni tó bínú. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ síbi ìpàtẹ àwọn ẹ̀dá kan tí àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màdáàmù, wọn kì í fọwọ́ kàn án." "Ẹ má bínú" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ bá mi pe ẹni tó ṣe é." Wọ́n pè é, ọmọbìnrin kan ni. Mo bi í bóyá mo lè fọwọ́ wò ó, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbé wọn lé ẹ̀yìn ẹ̀dá náà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́nì kan bèèrè, mà," ló wí.

Ẹ̀yìn náà ní kókó lára, ó tutù, ó lẹ́wà. Mo fọwọ́ wò ó títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà ì bá má tiẹ̀ dúró kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Ní ti ìgboyà, òun ló ṣì wà níwájú o, àmọ́ mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a.