Orin tí Màmá Mi Fi Ṣọ́ọ̀kì Kọ

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ gbé orin kan tí n kò gbọ́ láti bí ogójì ọdún. Bí ohùn àwọn obìnrin ṣe gun orí ti ọkùnrin, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó nílẹ̀ bí ẹni ń wa maṣíìnì ìránṣọ.

"Tíṣà àgbà tó ń kọ́ akọrin láyé àtijọ́ ló kọ ọ́," ni ọmọ tó jókòó tì mí wí.

Ẹ̀yin ọmọ, màmá mi ló kọ ọ́. Aṣọ ni wọ́n ń rán. Bí orin bá sọ sí wọn lọ́kàn, wọn a fi ṣọ́ọ̀kì tí téló fi ń sàmì sáṣọ kọ dò-rè-mí rẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ oníbàárà, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ìyá kan wá láti Ìrẹsà, ó tú bùbá rẹ̀ wò: "Ìyá Délé, aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ rán, àbí lẹ́tà ni mo ní kẹ́ ẹ kọ?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, á lọ." Ó sì lọ lóòótọ́.

Kó tó lọ, èmi ni mò ń dà á kọ sínú ìwé. Nígbà náà, orúkọ ẹni tó bá kọ́ akọrin ní orin là ń kọ sókè rẹ̀. Tíṣà ló kọ́ wa, orúkọ Tíṣà ni mo fi bíròó kọ síbẹ̀. Màmá wò ó títí. "Ọwọ́ ẹ dáa," ni wọ́n wí. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ní báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni lórin l'Ọ́yọ̀ọ́ fẹ́ tẹ àwọn orin wa sínú ìwé. Mo gbé ìwé àtijọ́ náà tọ̀ ọ́ lọ, mo ní màmá mi ló ni orin.

"Bàbá, ta ló kọ orúkọ Tíṣà síbí?"

"Èmi ni."

"Ìwé yín ló ń takò yín yìí o, Bàbá."

Inú fóònù làwọn akọrin ti ń ka orin báyìí, téló ò sì fẹsẹ̀ wa maṣíìnì mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kan kọ láìronú ṣì dúró gbọin.

Ọmọbìnrin náà tún wo orúkọ Tíṣà. "Kí lorúkọ màmá yín gan-an?"

Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ìyá Délé ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tíṣà. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́.