Àtàǹpàkò Bàbá Mi

Ọwọ́ ìyàwó mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn láyé, kò lè di bírò mú. Nọ́ọ̀sì gbé tàdáwà wá kó fi tẹ̀ka sí ìwé iṣẹ́ abẹ. "Daddy, ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi," ni ìyàwó mi wí fún mi.

Òórùn tàdáwà yẹn gbé mi padà sí Àgbóyì, ìlú wa, sí ọ̀sán tí oníyanrìn kan wá bá bàbá mi létí odò. Wọ́n fẹnu kò pé kó wa yanrìn nílẹ̀ wa fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, wọ́n sì jọ mu ọtí nínú ife kan. Lójú bàbá mi, àdéhùn ti parí nìyẹn. Ọkùnrin náà wá yọ ìwé jáde.

"Bàbá, ṣé kí n kà á fún yín?" ni mo bi bàbá mi.

"Kí n mu ọtí èèyàn tán, kí n tún máa wá irọ́ nínú ìwé ẹ̀?"

Bàbá mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ka. Inú mi dùn pé àmì ìka náà hàn ketekete. Ìgbà tó yá la tó mọ̀ pé títà ilẹ̀ ni ìwé náà wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, onílé wa ní Kétu mú ìwé àdéhùn ilé tuntun wá. Mo kà á sókè dé ìlà ìparí nínú yàrá tó ṣófo, kí n tó fọwọ́ sí i.