Iyanrìn Inú Táńkì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi àti ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí mo ń pè ní Àbúrò nìkan la wà ní àgbàlá ilé iṣẹ́ náà, nítòsí Turffontein, nílẹ̀ àjèjì níbí. Èmi wà nínú táńkì. Òun wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ọ̀gá ti lọ sí Sandton, àdúgbò àwọn olówó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo fi rán yín níwèé. Ẹ gbọ́ ọ lédè wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́nà oko, iyanrìn a máa ta wá lójúgun bí ẹni pé èèrà ń jẹ wá. Ẹ̀rín la fi ń rín. N kò mọ̀ pé iyanrìn yìí kan náà lè jẹ irin. Hóró kan kò lè fi irin ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá fi afẹ́fẹ́ tì í jáde lẹ́nu páìpù, tí hóró ń tẹ̀lé hóró lu ojú kan, yóò kọ́kọ́ bó ìpáàrà kúrò. Bí ẹ kò bá tètè kúrò lójú kan náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin gan-an, títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé.

Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n bó ìpáàrà inú táńkì omi àtijọ́ kí wọ́n tó kùn ún. Ìyá yín ti kú. N kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun ìtẹ̀ kan wà lára páìpù náà tó yẹ kó dá iyanrìn dúró bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀gá ti fi wáyà dè é pa kí iṣẹ́ lè yá. Nítorí náà, nígbà tí páìpù yọ lọ́wọ́ mi, iyanrìn kò dúró. Páìpù há sábẹ́ àkàbà, níbi kan ṣoṣo tí mo lè gbà jáde. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, yóò jẹ ẹ́ dé egungun. Ibẹ̀ náà ni rọ́bà tí mo fi ń mí gbà wọlé.

Mo mú òòlù, mo lu táńkì. Àbúrò náà lù ú padà: kò, kò.

Àṣà wa ni. Ariwo kì í jẹ́ kí ohùn kọjá, nítorí náà bó bá lu táńkì, ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Bí mo bá lù ú, mo ń dáhùn. A kò ní àmì kankan fún ewu. Mo lù ú kíkankíkan. Òun náà dáhùn kíkankíkan.

Mo fara mọ́ irin. Eruku ti bo gbogbo nǹkan. Rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ya, eruku wọ inú akoto mi. Mo ń ronú ẹni tí yóò mú yín nílé ìwé.

Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yọ níwájú páìpù. Iyanrìn ti jẹ ara táńkì já. Ihò náà fẹ̀, iyanrìn ń tú síta. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́: Àbúrò ti rí iyanrìn níta, ó ti pa ẹ̀rọ.

Àbúrò yọ orí lókè. "Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé tí ẹ dá táńkì oníṣẹ́ lu?"

"Ṣé o kò gbọ́ bí mo ṣe ń lù ú ni?"

"Mo gbọ́ o! Mo ní inú Ẹ̀gbọ́n mà dùn lónìí, wọ́n ń fi òòlù jó."

Ó wá rí rọ́bà náà, bó ti fàya. "Eish, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Ó na ọwọ́ sí mi.

Lóde òní, mo gbọ́ pé kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó bá wà nínú táńkì, ó sì lè bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ẹni tó bá wọlé ti wọlé nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo se oúnjẹ yín, mo jáde. Taxi, bọ́ọ̀sì kékeré aláyè tóóró, dúró. Dírẹ́bà nawọ́ sí àyè kan tó kù lẹ́yìn pátápátá, láàárín èrò. Mo wo bí ibẹ̀ ṣe há tó, mo ní kó máa lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, mo sì wọ inú táńkì.