Iṣu Ààfin Tó Gba Ilé Wa Kọjá

Òórùn ìrẹsì tó ti bu ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí Ọmọ́táyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lánàá. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni, àwa méjèèjì ti di ìyá arúgbó nílùú wa yìí, lọ́nà Erijiyan. Àpò kékeré kan ló gbé lọ́wọ́, ojú Kábíyèsí tí wọ́n yà sára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ìrẹsì inú rẹ̀ lọ. Láti àárọ̀ ló ti tò sórí ìlà láàfin. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó gbé àpò sókè, kó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ádó ti rí i lórí fóònù. Ó rí mi lára. Irú ọrẹ wo nìyẹn?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọba kì í fúnni báyẹn nígbà èwe wa. Nígbà tí bàbá Ọmọ́táyọ̀ kú, ẹmẹ̀sẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, máa ń gbé iṣu oko ààfin wá. Kì í gbé e lọ sílé opó. Ilé wa tó múlé tì wọ́n ló ń gbé e sí, lọ́sàn-án tí gbogbo àdúgbò bá wà lóko. Ìyá mi á pa á pọ̀ mọ́ tiwa, á ru agbọ̀n lọ síbẹ̀, á ní, "Uṣu wa mà pọ̀ jù lọ́dún yìí o, ẹ bá wa jẹ ẹ́." Irọ́ gbuu! Iṣu wa ò tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ, kòkòrò sì ti jẹ ìdajì. Ṣùgbọ́n ìyá Ọmọ́táyọ̀ á gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, torí báyìí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọba ló ń bọ́ wọn; ikú yá ju ẹ̀sín.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́táyọ̀ pa mí láyò. Inú bí mi, mo sì pariwo lójú gbogbo ọmọ: "Uṣu ọba lẹ ń jẹ nulé!"

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá rẹ̀ ti ru gbogbo iṣu tó kù padà wá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó lọ. Ìyá mi nà mí, ṣùgbọ́n ẹkún tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Obìnrin náà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́. Kò pẹ́ tí Ọmọ́táyọ̀ fi kúrò níléèwé, tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe alágbàṣe lóko kòkó.

Lánàá, mo ń bú àwọn ará ààfin lọ ràì, pé wọn ò nítìjú. Ọmọ́táyọ̀ ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Rọra o, ọ̀rẹ́ mi. Ùwọ lo kọ́kọ́ yà mí ní fọ́tò."

Mo fa atẹ sọ́dọ̀, mo bá a ṣa òkúta. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bu ìrẹsì díẹ̀ sínú ìkòkò mi. Ó ní tòun ti pọ̀ jù, kí n bá òun jẹ ẹ́.